Cê, tá, né, pra: Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Gígékúrú Lẹ́nu Ará Bràsíl

Àbúrò wa kan tó ń ta aṣọ ní àdúgbò Brás, ní ìlú São Paulo, kọ̀wé sí mi. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí n tó kúrò ní Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ èdè Potogí nínú ìwé àti lórí fóònù. Mo lè ka ìwé ìròyìn, mo sì lè kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá la ẹnu, ńṣe ló máa ń dà bíi pé n kò kọ́ nǹkan kan rí. Wọ́n á ní ‘tá’, wọ́n á ní ‘né’, wọ́n á ní ‘cê’, ‘pra’, ‘peraí’, ‘cadê’. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó wà nínú ìwé mi. Ṣé èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ ni? Ṣé kí n há gbogbo rẹ̀ sórí? Bí èmi náà bá sì ń sọ ọ́, ṣé wọn ò ní máa fojú aláìmọ̀wé wò mí?” Ó wá fi ohùn kan tí oníbàárà rẹ̀ gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n bá òun tú u.

Àbúrò mi, èdè kan náà ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni ìwé fi kọ́ ọ. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu ni ò ń gbọ́ ní Brás. Adájọ́, dókítà, olùkọ́ yunifásítì àti ẹni tó ń ta omi àgbọn létí òkun, gbogbo wọn ló ń sọ ‘tá’ àti ‘pra’. Nípa pé kí o há a sórí, rárá o. Ìgékúrú yìí ní òfin, òfin náà kò pọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu ìwọ náà láti ilé, torí pé Yorùbá ń ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀ pátápátá sí tiwa, òun ló sì ń di etí rẹ. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Igba, igbá, ìgbà, ìgbá, igbà: bí ohùn kan bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Etí tí wọ́n fi Yorùbá tọ́ dàgbà kì í fẹ́ kí sílébù kankan kọjá láìjẹ́ pé ó gbọ́ ọ. Potogí kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, sílébù kan ni wọ́n máa ń fi agbára pè, àwọn yòókù á kàn máa wọ́ tẹ̀lé e. Sílébù alágbára yẹn kì í bọ́ sílẹ̀. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé mì, nígbà mìíràn èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mú ‘está’. Orí ‘tá’ ni agbára wà, ‘es’ bọ́ sílẹ̀, ó ku ‘tá’. ‘Estou’ di ‘tô’, ‘estava’ di ‘tava’, ‘estamos’ di ‘tamo’. Agbára ‘você’ wà lórí ‘cê’, òun náà ló ṣẹ́kù. Agbára ‘obrigado’ wà lórí ‘ga’, nítorí náà ‘o’ iwájú lè lọ, kí ó di ‘brigado’. ‘Espera’ di ‘pera’. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń pe olùkọ́ wọn lóbìnrin kì í sọ ‘professora’ tán, ‘fessora’ ni wọ́n ń ké. Tí ó bá jẹ́ pé sílébù méjì ló wà lẹ́yìn èyí tó lágbára, fáwẹ́lì àárín ló máa ń kú: ‘xícara’, ìyẹn ife tíì, di ‘xicra’, ‘abóbora’, ìyẹn elégédé, di ‘abobra’, ‘fósforo’, ìyẹn ìṣáná, di ‘fosfro’. Nínú gbogbo wọn, ibi tí agbára wà kò mì.

Nítorí náà, yí bí o ṣe ń tẹ́tí padà. Má ṣe máa ka sílébù ní oókan-oòkan bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ Yorùbá. Ibi tí ohùn bá ti wúwo ni kí o dì mú, kí o wá bi ara rẹ pé: nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀, èwo ni agbára rẹ̀ wà lórí ìró yìí? Bí o bá gbọ́ ‘pera’ lẹ́nu oníbàárà tó na ọwọ́ síwájú, ‘espera’ á yọjú fúnra rẹ̀.

Ó yá, jẹ́ ká tú ohùn oníbàárà rẹ. Bó ṣe dún gan-an nìyí:

“Ó, cê num qué dexá duas separada pra mim não? Peraí que eu já tô chegano, tá?”

Ká ní ìwé ló fẹ́ kọ ọ́, ohun tí yóò kọ ni: “Olha, você não quer deixar duas separadas para mim, não? Espera aí que eu já estou chegando, está bem?” Lédè wa: “Wò ó, ṣé o ò ní bá mi ya méjì sọ́tọ̀ ni? Dúró díẹ̀, mo ti ń dé tán, ṣé o gbọ́?” Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ ọ́, kì í ṣe pé ó ń bínú. O sọ nínú lẹ́tà rẹ pé o rò pé ó ní òun kò fẹ́ ọjà mọ́, torí pé o gbọ́ ‘não’. Bí ará Bràsíl bá fi ‘não’ sí iwájú, tó tún fi òmíràn sí ìdí gbólóhùn ìbéèrè, ó fẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ náà rọ̀ létí ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé “ṣé o ò ní bá mi...”

Gbogbo ohun tó ń dà ọ́ láàmú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú gbólóhùn yìí. ‘Ó’ ni ‘olha’, wò ó. ‘Qué’ àti ‘dexá’ ni ‘quer’ àti ‘deixar’: ‘r’ tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe kì í sábà jáde lẹ́nu wọn. ‘Falar’ di ‘falá’, ‘comer’ di ‘comê’, ‘vender’ di ‘vendê’. Èyí rọrùn fún wa, torí pé fáwẹ́lì náà ni ọ̀rọ̀ tiwa máa fi ń parí. Wo ‘dexá’ dáadáa, kò sí ‘i’ nínú rẹ̀ mọ́. Bí ‘ei’ bá wà níwájú ‘x’, ‘j’ tàbí ‘r’, ‘ê’ ni wọ́n máa ń pè é: ‘beijo’ di ‘bêjo’, ‘dinheiro’ di ‘dinhêro’, ‘feijão’ di ‘fejão’. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti jẹ frejon ní ilé àwọn Àgùdà ní Èkó rí lọ́jọ́ Ẹtì Rere, ẹ wò ó bóyá ‘i’ wà ní àárín orúkọ oúnjẹ náà. ‘Feijão’ yìí kan náà ni. Bákan náà ni ‘ou’ máa ń di ‘ô’: ‘vou’ di ‘vô’, ‘falou’ di ‘falô’, ‘outro’ di ‘otro’.

‘Chegano’ ni ‘chegando’. ‘D’ ti wọnú ‘n’. ‘Duas separada’ kò ní ‘s’ lẹ́yìn, torí pé ‘duas’ ti sọ pé wọ́n ju ẹyọ kan lọ. Yorùbá kò fi ohunkóhun mọ́ ‘aṣọ’ nínú ‘aṣọ méjì’. ‘Tá?’ tó gbẹ̀yìn ni “ṣé o gbọ́?”, ìdáhùn rẹ̀ náà sì ni ‘tá’: “ó dáa, mo gbọ́”. ‘Né?’ tí kò sí nínú gbólóhùn yìí ni ‘não é?’, ìyẹn “àbí?”

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ‘cê’ àti ‘num’, torí pé ibẹ̀ ni àwọn àjèjì ti máa ń ṣìlò jù, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ Yorùbá ti ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ kò ní.

Bí ẹnìkan bá bi ọ́ ní ilé pé “Ta ló ṣe é?”, o lè dáhùn pé “Ìwọ”. O kò lè dáhùn pé “O”. ‘O’ kò lè dá dúró. Ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ ìṣe tí yóò fara tì: o lọ, o jẹun, o ti dé. Ìlànà tó wà láàárín ‘você’ àti ‘cê’ gan-an nìyẹn. ‘Você’ ni ‘ìwọ’, ‘cê’ ni ‘o’. “Quem fez isso?” “Você.” Kò sí ará Bràsíl tí yóò dáhùn pé “Cê”. “Cê vai?”, “cê viu?”, “cê qué?” dára. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ atọ́kùn, ‘você’ ní kíkún ni wọ́n ń lò: ‘com você’, ‘de você’. Ibi tó yàtọ̀ ni ‘procê’, ìyẹn ‘para você’, tí wàá gbọ́ dáadáa lẹ́nu àwọn ará Minas Gerais àti àwọn ará àrọko São Paulo.

Bẹ́ẹ̀ ni ‘num’ rí sí ‘não’. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé “Ṣé o máa lọ?”, “Rárá” ni wàá sọ, kì í ṣe “Kò”. ‘Kò’ ń wá ọ̀rọ̀ ìṣe tí yóò lé mọ́. ‘Num’ ni ‘kò’, ‘não’ ni ‘rárá’: “Num sei”, n kò mọ̀, “num tem”, kò sí. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé “Cê vai?”, “Não” ni ìdáhùn. Àwọn ará Bràsíl tún máa ń kó méjèèjì jọ: “Num sei não.” Bí ẹni tó sọ pé “n kò mọ̀ rárá” ló rí, ṣùgbọ́n kò wúwo tó bẹ́ẹ̀.

‘Num’ mìíràn wà o, òun kò sì jẹ mọ́ ‘não’. ‘Em’ àti ‘um’ ló para pọ̀ di í, ó sì wà nínú ìwé pàápàá: ‘num carro’, nínú ọkọ̀ kan. Ohun tó bá tẹ̀ lé e ni kí o fi dá wọn mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, ‘kò’ ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, ‘nínú’ ni. Láàárín ìró kan sí èkejì ni etí á ti yà wọ́n sọ́tọ̀ bí o bá ti mọ̀ pé méjì ni wọ́n.

‘Você’ fúnra rẹ̀ ti jẹ́ àgékù tẹ́lẹ̀. ‘Vossa mercê’ ni wọ́n ń sọ láyé àtijọ́ bí wọ́n bá ń bá ẹni ńlá sọ̀rọ̀, ìyẹn “oore yín” tàbí “àánú yín”. Ó di ‘vosmecê’, ó di ‘você’, ó wá di ‘cê’. Bó ṣe ń kúrú ni ọ̀wọ̀ inú rẹ̀ ń dínkù, tó fi jẹ́ pé lónìí ‘o’ lásán ni, kì í ṣe ‘ẹ’ mọ́. Èyí kan ìwọ tí o ń tajà gan-an. Bí àgbàlagbà bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ, ‘o senhor’ ni fún ọkùnrin, ‘a senhora’ ni fún obìnrin, kódà bí òun bá ń pè ọ́ ní ‘cê’. Níbi tí ẹnu rẹ bá ti fẹ́ sọ ‘ẹ’, ‘o senhor’ tàbí ‘a senhora’ ni kí o fi síbẹ̀. Ìwọ̀n yẹn á tó ọ. ‘Senhor’ náà ní àgékù tirẹ̀ tó ní ọ̀wọ̀ nínú, ‘seu’, tí wọ́n ń fi síwájú orúkọ: Seu João, Seu Antônio. Má ṣe rò pé ‘seu’ tó túmọ̀ sí ‘tirẹ̀’ ni. Fún obìnrin, ‘dona’ ni: Dona Maria.

‘Embora’ náà ní ìtàn tó dùn mọ́ mi. ‘Em boa hora’ ni, ní wákàtí rere. Bí wọ́n bá ń kúrò níbì kan, wọ́n á ní kí àwọn lọ ní wákàtí rere, gẹ́gẹ́ bí àwa náà kì í ti í jẹ́ kí èèyàn dìde ìrìn láìṣàdúrà fún un. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí lẹ̀ pọ̀ di ‘embora’, àdúrà inú rẹ̀ pòórá, ó wá túmọ̀ sí ‘kúrò’. ‘Vamos embora’ di ‘vambora’, ‘vambora’ di ‘bora’. Nígbà tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bá pariwo “bora!” nírọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ ká lọ ló ń sọ. ‘Cadê’ tí o béèrè jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀: ‘que é de’ ló di ‘cadê’, ‘dà’ tiwa sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. “Cadê a sacola?” Báàgì náà dà?

Ìbéèrè rẹ kẹta wá kù, bóyá wọn á fojú aláìmọ̀wé wò ọ́. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé Potogí inú ìwé, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ojúlówó, kún fún ìgékúrú. ‘De’ àti ‘o’ di ‘do’, ‘em’ àti ‘a’ di ‘na’, ‘por’ àti ‘o’ di ‘pelo’, ‘de’ àti ‘ele’ di ‘dele’. Ẹni tó bá kọ ‘a casa de o pai’ nílé ẹ̀kọ́, olùkọ́ á fi bírò pupa fà á. Bó ṣe rí náà nìyẹn tí ‘ní ilé’ fi di ‘nílé’ tí ‘ní ọjà’ sì di ‘lọ́jà’, tí kò sẹ́ni tó bú wa.

Àtòkọ ọ̀rọ̀ Látìnì kan wà láti ayé àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Appendix Probi. Ẹni tó kọ ọ́ ń bá àwọn tó ń gé ọ̀rọ̀ kúrú wí: sọ ‘speculum’, má sọ ‘speclum’, sọ ‘oculus’, má sọ ‘oclus’, sọ ‘vetulus’, má sọ ‘veclus’. Bó ṣe bá wọn wí tó, ẹnu àwọn tó ń bá wí ni Potogí ti jáde. ‘Speclum’ di ‘espelho’, dígí. ‘Oclus’ di ‘olho’, ojú. ‘Veclus’ di ‘velho’, arúgbó. Àwọn ọ̀dọ́ Bràsíl ti wá tún ‘velho’ gé báyìí: ‘véi’ ni wọ́n fi ń pe ọ̀rẹ́ wọn. Òfin sílébù alágbára tí mo sọ lókè ló ṣiṣẹ́ nínú ‘oclus’ ìgbà yẹn, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú ‘xicra’ òní.

Síbẹ̀, gbogbo ìgékúrú kọ́ ni àwọn èèyàn ń fi ojú kan náà wò, èmi kò sì ní fi èyí pa mọ́ fún ọ. ‘Tá’, ‘tô’, ‘tava’, ‘pra’, ‘pro’ (ìyẹn ‘para o’), ‘né’, ‘cê’, ‘peraí’, ‘falá’ láìsí ‘r’: gbogbo wọn ni kí o máa sọ láti ọ̀la lọ. Kò sí ẹni tí yóò wò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá tilẹ̀ ń sọ ‘você está’ ní kíkún níbi gbogbo, ńṣe ni wàá máa dún bí ẹni tó ń ka ìwé sókè sí oníbàárà létí. ‘Num’ náà kò burú, ṣùgbọ́n jẹ́ kó wá fúnra rẹ̀. ‘Chegano’, ‘duas separada’, ‘nóis vai’ (ìyẹn ‘nós vamos’, à ń lọ), ní tìrẹ, gbọ́ wọn ni, má sọ wọn. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn kan fi ń díwọ̀n ẹni tó lọ sílé ìwé àti ẹni tí kò lọ. Àwọn ará Bràsíl fúnra wọn ní orúkọ fún ìwà yìí, ‘preconceito linguístico’ ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kí a máa kẹ́gàn èèyàn nítorí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìwà tí kò dára ni, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí i. Ṣùgbọ́n àjèjì aláwọ̀ dúdú tó ń wá owó ilé kò gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìdí kan sí i. Bí o bá fẹ́ fèsì fún oníbàárà yẹn, sọ pé: “Deixei duas separadas pra você. Pode vir, tá?” Ìyẹn ni pé mo ti ya méjì sọ́tọ̀ fún ọ, o lè máa bọ̀, ṣé o gbọ́? ‘Pra’ àti ‘tá’ wà níbẹ̀, ‘s’ náà kò sì sọnù.

Kí o tó kẹ́gàn ‘duas separada’ nínú ọkàn rẹ, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè kàn wá. Ọdún 1888 ni wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ Bràsíl, àwọn Nàgó tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa sì wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́ Potogí láìsí ilé ìwé, lábẹ́ ìyà, pẹ̀lú àwọn ará Kóńgò àti Àǹgólà tó pọ̀ jù wọ́n lọ. Àwọn onímọ̀ èdè kan gbà pé ẹnu wọn ni ‘s’ ti kọ́kọ́ ń bọ́ sílẹ̀ báyìí. Àwọn mìíràn ní ó ti wà lẹ́nu àwọn mẹ̀kúnnù Pọ́túgà kí ọkọ̀ tó gbéra. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Ní tèmi, kò ṣòro láti gbà pé ohun méjèèjì pàdé: ohun tó ti ń mì tẹ́lẹ̀ lẹ́nu àwọn kan, tó wá bá àwọn tí èdè abínibí wọn kò ní irú ‘s’ bẹ́ẹ̀ rárá.

Bí o ṣe máa tọ́ etí rẹ ló kù. Ibi tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ni padaria, ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì àti kọfí. Lọ sí ọ̀kan náà láràárọ̀. Ìdí ni pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n á máa bi ọ́, tẹ̀ léra tẹ̀ léra, nígbà tó sì yá, wàá ti mọ ohun tó ń bọ̀ kí ó tó dé. Lẹ́nu ẹni tó wà lẹ́yìn kàǹtà: “Vai querê mais alguma coisa?” Ṣé nǹkan mìíràn wà tí o fẹ́? “É pra viagem?” Ṣé o ń gbé e lọ ni? Nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba owó: “Crédito ou débito?” Lẹ́yìn náà ni èyí tó máa ń da gbogbo àjèjì rú, torí pé ó máa ń jáde bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “CPF na nota?” Nọ́ńbà tí ìjọba fi ń mọ ẹni tó ń san owó orí ni CPF, wọ́n ń bi ọ́ bóyá o fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú rìsíìtì ni. Bí o kò bá fẹ́, “Não, brigado” ti tó.

Nílé, wo eré tẹlifíṣàn wọn, kí o tan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán ní èdè Potogí, má tan ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ á kọ ọ́ ní kíkún nígbà tí òṣèré gé e kúrú. Ojú rẹ á rí “Onde você está?”, etí rẹ á gbọ́ “Onde cê tá?” Dá a dúró, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o tún un sọ tẹ̀ lé e pẹ̀lú bó ṣe yára. Ohun tí ẹnu bá ti lè sọ kì í pẹ́ tí etí fi máa ń gbọ́ ọ. Má ṣe ju gbólóhùn díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Bí iṣẹ́ bá gbé ọ kúrò ní São Paulo, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀ díẹ̀. Ní Minas, ‘pertinho’ di ‘pertim’, ‘você’ di ‘ocê’. Ní Rio, ‘meu irmão’ di ‘mermão’. Ní Bahia àti ìhà àríwá ìlà oòrùn, wàá gbọ́ ‘oxe’ bí nǹkan bá ya ẹnìkan lẹ́nu, àti ‘vixe’, tó ti ara ‘Virgem’ wá, Wúńdíá Màríà tí wọ́n ń ké pè. Wàá mọ̀ wọ́n lójú ọ̀nà.

Pọ́túgà ni ọ̀rọ̀ ti le jù, mo sì ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń ronú àtilọ sí Lisbon. Àwọn ará Pọ́túgà ń gbé fáwẹ́lì mì ju àwọn ará Bràsíl lọ, pàápàá ‘e’ tí kò lágbára: ‘telefone’ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ‘tlfon’, ‘pequeno’ di ‘pqueno’, kọ́ńsónáǹtì méjì mẹ́ta á wá kọlu ara wọn lọ́nà tí ẹnu Yorùbá kò mọ̀. ‘Tou’ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ‘tô’, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń dáhùn fóònù: “Tou?” Má ṣe gbé ‘cê’ dé ibẹ̀. ‘Você’ pàápàá lè dún gan létí wọn. Orúkọ ènìyàn ni kí o pè, tàbí kí o lo ọ̀rọ̀ ìṣe láìfi nǹkan kan síwájú rẹ̀. Ní Mòsáḿbíìkì ẹ̀wẹ̀, “tamos juntos” ni wàá gbọ́ bí ẹ bá ń dágbére, ‘estamos juntos’, a jọ wà pọ̀. Òun kan náà ni “tamo junto” ti Bràsíl.

Orí WhatsApp, ìgékúrú náà yí padà. Ẹnu ń gé sílébù tó rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi fáwẹ́lì tó lágbára sílẹ̀. Ọwọ́ ní tirẹ̀ ń gé fáwẹ́lì, ó ń fi kọ́ńsónáǹtì sílẹ̀. Nítorí náà ‘cê’ ni lẹ́nu, ‘vc’ ni lọ́wọ́. ‘Tb’ ni ‘também’, ‘pq’ ni ‘porque’, ‘hj’ ni ‘hoje’, ‘msm’ ni ‘mesmo’, ‘blz’ ni ‘beleza’ tó túmọ̀ sí pé kò séwu, ‘vlw’ ni ‘valeu’ tí wọ́n fi ń dúpẹ́, ‘tmj’ ni ‘tamo junto’. ‘Kkkk’ àti ‘rs’, ẹ̀rín ni méjèèjì. Ṣọ́ra fún ‘fds’: ó lè jẹ́ ‘fim de semana’, òpin ọ̀sẹ̀, ó sì tún lè jẹ́ èébú burúkú tí lẹ́tà rẹ̀ bá a dọ́gba. Kọ ‘fim de semana’ ní kíkún, kí o bọ́ nínú rẹ̀.

Gbogbo ìwọ̀nyí dára fún oníbàárà àti ọ̀rẹ́. Bí o bá ń kọ̀wé sí onílé, sí agbẹjọ́rò, tàbí sí Polícia Federal lórí ìwé ìgbélùú rẹ, ‘está’ ni kí o kọ, ‘para’ ni kí o kọ, ‘o senhor’ tàbí ‘a senhora’ ni kí o fi pè wọ́n, má sì jẹ́ kí ‘né’ wọ ibẹ̀. ‘Do’, ‘na’, ‘pelo’ àti ‘num’ tó jẹ́ ‘em um’, fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Àwọn yẹn ti di ara ìwé.